Oògùn Imú fún Ẹni Tí Ọwọ́ Ń Yún

Nílé búrẹ́dì náà, kò sẹ́ni tó láyà láti sọ pé ìyẹ̀fun ti wú tó bí Ọ̀gá Onímú kò bá tíì gbóòórùn rẹ̀. Bàbá náà á já díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pípò, á gbé e símú, á dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà, á ní, "Ó kù díẹ̀." Gbogbo wọn á dúró. Ọdún méjìdínlógún rèé, kò sì sọ́jọ́ tí kò ní rán wọn létí pé bí kì í bá ṣe imú òun ni, òkúta ni wọn ì bá máa tà fáráyé.

Àléfọ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Láti kékeré ló ti ń bá a yí, ṣùgbọ́n tọdún yìí le: ẹ̀yìn ọwọ́ là, ó ń ṣomi, ó ń yún un bíi pé wọ́n fi wèrèpè pa á. Màdáámù tó nilé búrẹ́dì wò ó títí.

"Ọ̀gá, àwọn wòléwòlé ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì òní. Bí ọwọ́ yín ò bá jiná, ẹ ò ní fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́. Géètì lẹ ó máa ṣọ́."

Géètì kẹ̀! Ara rẹ̀ bù máṣọ, ó forí lé ọ̀dọ̀ dókítà kan tó jẹ́ ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin náà fi òwú nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún ti òwú mìíràn bọ̀ ọ́ nímú. Lọ́jọ́ kẹta, èsì dé.

"Bàbá, kòkòrò kan náà la bá níbi méjèèjì. Imú yín ló ń gbé, ọwọ́ yín tó là ló sì ń bà lé. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń fọwọ́ kan imú lójúmọ́?"

"Iye ìgbà tíṣẹ́ bá pè é ni."

Dókítà fún un ní ìpara ọwọ́, ó tún fi ìpara kékeré kan sí i, pé kó máa fi sínú imú láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún.

Inú bí i délé. "Ọwọ́ ló ń yún mi, imú ló ń fún lóògùn! Bí mi ò bá wá gbóòórùn mọ́ ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ má fi sí i, bàbá wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì náà nílò imú."

Ó fi sí i. Yéè! Fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, òórùn ìpara nìkan ló ń gbọ́. Bó bá sì jẹ́wọ́, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń gbé ìyẹ̀fun símú, ó ń dijú, ó ń purọ́. "Ó kù díẹ̀." Bí wọ́n bá ti ń ṣí ààrò, á kọ̀yìn sí i. Búrẹ́dì á sì jáde, rírọ̀ mùlọ́mùlọ́, bíi tàtẹ̀yìnwá.

Lọ́jọ́ tí wòléwòlé dé, ọwọ́ ti gbẹ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, wọ́n ní kò burú. Ayọ̀ tú u lẹ́nu. Ó fa obìnrin tó ń tọ́jú ààrò, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ọlọ́run ló kó wa yọ."

"Aago ni, ọ̀gá."

"Aago wo?"

"Aago ara ògiri. Òun la ń wò látọjọ́ tí mo ti débí. Tẹ́ ẹ bá ti ní ó kù díẹ̀, a ó dúró kí àkókò pé, a ó wá ní kẹ́ ẹ tún un gbọ́ wò, ẹ ó sì ní ó ti tó."

Ọ̀gá Onímú dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ẹ ò wá lè sọ fún mi?"

Obìnrin náà nuwọ́, ó rọra dáhùn: "Inú yín máa ń dùn púpọ̀ ni, ọ̀gá. Ta ló fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ yín?"