Òkúta Inú Iwe

Bí mo bá ti ń la iwe adìẹ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mò ń pè ní Màmá, tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní Jollof Town, ní Banjul, ni mo máa ń rántí. Màmá kì í da òkúta inú iwe nù. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dà á fún àwọn adìẹ tó kù. Mo kọ́kọ́ rò pé ahun ni wọ́n.

"Adìẹ ò léyín," ni wọ́n sọ fún mi. "Òkúta ló ń bá a lọ àgbàdo nínú."

Nígbà tó yá, Bàbá, ọkọ wọn, fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ilẹ̀ àgbàlá, ó sì dùn mọ́ wọn nínú. Ṣùgbọ́n àwọn adìẹ ń jẹ àgbàdo, síbẹ̀ wọ́n ń rù. Bàbá ní àìsàn ni, ká pa gbogbo wọn. Màmá gbé garawa, wọ́n wọkọ̀ lọ sí ìdí afárá Denton, wọ́n bu òkúta wẹ́wẹ́ wá. Kò pẹ́ tí àwọn adìẹ fi sanra.

Lọ́jọ́ tí a pa àkùkọ kan, Màmá gbé iwe, ìpín baálé, síwájú Bàbá. Wọ́n gbé òkúta inú rẹ̀ tì í nínú àwo ṣọ́sà kékeré.

"Ẹ jẹ tiyín," ni wọ́n wí, "kí ẹ bá mi dá tàwọn adìẹ padà fún wọn."

Bàbá jẹun tán, wọ́n gbé ṣọ́sà jáde, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn fọ́n òkúta sórí sìmẹ́ńtì wọn.