Igi Kíríkẹ́ẹ̀tì Tó Wúwo Jù

Nígbà tí mo wà ní girama n'Ífẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, olùkọ́ eré ìdárayá wa kó igi kíríkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sílẹ̀, ó ní kí n mú èyí tó bá apá mi mu. Ara mi ò balẹ̀. Mo gbé ọ̀kan, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún padà sídìí rẹ̀. Níkẹyìn, mo mú èyí tó wúwo jù, torí irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò.

Olùkọ́ ní, "Fi ọwọ́ òsì nìkan gbé e."

Apá mi ń gbọ̀n. "Mo lè lò ó, sà."

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí mi ti wó àwọn ọ̀pá mẹ́ta tí mò ń ṣọ́ lẹ́yìn mi kí n tó gbé igi náà sókè. Ìtìjú mú mi, mo sáré lọ mú èyí tó fúyẹ́. Òun ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù kẹta wọ inú koríko.