Ẹmu fún Iṣu Sísun

Nílé wa ní Àgọ́-Àrẹ, kò sí oúnjẹ tí kò ní ọtí tirẹ̀, bàbá mi ló sì ń yàn án. Iṣu sísun pẹ̀lú epo, ẹmu àárọ̀ tí kò tíì kan ni. Ẹran ìgbẹ́ tó láta dáadáa, ọtí ọkà bàbà. Ẹ̀wà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ẹni tó bá dà á rú yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i. Mùsùlùmí ni màmá mi. Wọ́n ń fọ igbá ọtí náà, wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ bu ọtí fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ẹni bíni là á jọ, èmi ọmọbìnrin wọn ni mo jogún ẹnu bàbá mi.

Lọ́dún tó kọjá, ara bàbá mi ò yá. Dókítà ní kí wọ́n má fẹnu kan ọtí mọ́, wọ́n sì gbọ́. Ohun tí kò sẹ́ni tó rò ni pé wọ́n máa pa oúnjẹ tì pẹ̀lú rẹ̀. Òkèlè méjì, wọ́n á ti àwo sẹ́yìn. Aṣọ wọn wá tóbi jù wọ́n lọ. Màmá mi pè mí lórí fóònù ní Ìbàdàn tí mo ń gbé.

"Bàbá rẹ ò jẹun o. Ẹ̀rù ń bà mí. Tètè máa bọ̀."

Mo ra wáìnì èso àjàrà kan tí kò ní ọtí nínú, mo sì gbé e lọ sílé. Mo gbé e síwájú bàbá mi pẹ̀lú iṣu sísun. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wò mí.

"Ṣé ikọ́ ló ń ṣe iṣu yìí, tí o fi gbé oògùn wá fún un?"

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo gbé ìgò mi kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà gbé iṣu tuntun dé láti oko. Bí màmá mi ti ń sun ún, bàbá mi rán mi sí ẹlẹ́mu.

"Dókítà ńkọ́?" Màmá mi ti dìde.

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ mu ún. Ọmọ yìí ni."

Nígbà tí mo gbé agbè ẹmu dé, bàbá mi bu ú sí igbá, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n gbé e fún mi. Mo mu.

"Báwo ni?"

"Ó dùn, Bàbá."

"Kí ni kì í dùn? Sọ̀rọ̀ bí ọmọ mi."

Mo jẹ iṣu, mo tún mu. Mo ní ó kọ́kọ́ dùn, kó tó wá máa ta mí láhọ́n, àti pé ó ti fọ gbogbo epo ẹnu mi lọ. Wọ́n dijú. Wọ́n bu iṣu, wọ́n tì í bọ epo, wọ́n jẹ ẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mu sí i."

Mo mu, wọ́n jẹ. Mo ròyìn, wọ́n jẹ. Àwo ṣófo, igbá mi náà ṣófo, ojú mi sì ti ń wúwo.

Màmá mi wo àwo náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé agbè ẹmu fúnra wọn, wọ́n sì bu ú kún igbá mi.

"Iṣu ṣì kù lórí iná," ni wọ́n wí. "Mu ún."