Aṣọ Tí Ìyá Mi Fi Wáyà Hun

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù, ó ra asọ̀rọ̀mágbèsì. Òun ni rédíò àkọ́kọ́ tó wọ àdúgbò wa ní Kabba. Èmi ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́ nígbà náà. Bí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá wọlé tó kí wa pé "Okun o," ọwọ́ ni bàbá mi fi ń dá a lóhùn: jókòó, pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni òfì tí ìyá mi fi ń hun aṣọ wà. Bó bá ti ń fi igi apasá lu òwú gbà, gbà, bàbá mi á pariwo láti pálọ̀: "Ìyá àwọn ọmọ, mi ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ!"

"Ẹ ò gbọ́ tèmi náà rí," ni ìyá mi á wí fún òwú rẹ̀.

Ọjọ́ kan, ó ní kí n bá òun tọrọ wáyà bàbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó ń tún lọ́rì ṣe. Ó ṣa idẹ orí àwọn bátìrì tó ti kú, ó gé rọ́bà táyà, ó sì hun gbogbo rẹ̀ mọ́ òwú pupa. Nígbà tó gé aṣọ náà kúrò lórí òfì, àwọn èèyàn ló wà lára rẹ̀, wọ́n yí àpótí kan ká. Rọ́bà ni etí wọn, ó tóbi bí ewé kókò. Wọn ò lẹ́nu.

Ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀.

"Ta ni elétí ńlá àárín yìí?" bàbá mi béèrè.

"Ẹ̀yin ni."

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Kálukú ń wá ara rẹ̀ lára aṣọ, wọ́n ń jiyàn, àfi bí bàbá mi fúnra rẹ̀ ṣe rẹ ohùn rédíò sílẹ̀ kó lè gbèjà etí rẹ̀.

Òkìkí aṣọ náà kàn títí àwọn òṣìṣẹ́ rédíò fi gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá láti Kaduna. Ìyá mi sọ fún wọn pé ohùn ti kún ilé òun, ṣùgbọ́n òun ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ìyá mi jókòó ti bàbá mi. Bó ti fẹ́ kí àlejò kan, bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan tí o ń sọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún rédíò. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, bàbá mi pa rédíò, ó yí àga rẹ̀ kọjú sí ìyá mi.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé o ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀?"

"Rédíò ló kúkú sọ ọ́. Ṣé ó máa ń purọ́ fún yín ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń fi wáyà hun aṣọ.