Ọjọ́ Tí Fíìmù Ṣáínà Tan Ọ̀gá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àsìn, sinimá kì í dé ọ̀dọ̀ wa àfi bí ìjọba bá fi ọkọ̀ gbé e wá láti kọ́ wa bí a ṣe ń fọwọ́ àti bí a ṣe ń lé ẹ̀fọn. Wọn a ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri ilé-ìwé, gbogbo wa a sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, olóko àti tíṣà. Èmi kì í wo aṣọ yẹn. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn wa ni mo máa ń yíjú wò, nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí àwọn ènìyàn inú àwòrán ń gbà jáde. Ìyá mi a gbá mi létí pé kí n kọjú síwájú. N kò kọjú síwájú títí mo fi dàgbà, irú ẹ̀rọ yẹn náà ni mo sì fi jẹun. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fà. Agara ti dá mi, ọ̀rọ̀ sinimá sì máa ń rẹ̀ mí ju ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Ará Ìkọ̀lé ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pa ìsìn òwúrọ̀ jẹ ni pẹ̀lú. Òun ló ni ẹ̀rọ sinimá, òun ló ni jẹnẹrétọ̀, òun náà ló ni ògbólógbòó ọkọ̀ tí a fi ń kó wọn kiri. Ọ̀yẹ́, Ìdó, Ààyè, Ìpáò, kò sí ibi tí a kì í dé. Bí ilé-ìwé kan bá ń ṣe àjọ̀dún, bí ìjọ kan bá ń ṣe ìkórè, wọn a ránṣẹ́ pè wá.

Fíìmù Ṣáínà ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, èyí tí ẹnì kan á ti ilẹ̀ fò dé orí òrùlé, tí yóò sì na ogún ènìyàn láìmí gúlegúle. Ọ̀gá mi kì í fi wọ́n ṣeré o. Kí a tó tan iná ẹ̀rọ, yóò dìde síwájú èrò, yóò sọ ìtàn náà fún wọn ní Yorùbá: ọmọ tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, bí ó ṣe lọ sìn lọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà, bí ó ṣe jìyà kí ó tó gbọ́n. Òun náà kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. Wíwò ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ ni ó kà á sí, ẹ̀kọ́ sùúrù àti ìtẹríba, owó tó sì ń ti ibẹ̀ wọlé ló fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé: "Wo ẹ̀rọ kí o tó wo aṣọ." Ìdí ni pé iná tó wà nínú ẹ̀rọ gbóná gan-an. Bí fíìmù bá há níwájú iná yẹn tí kò yí mọ́, kíá ni yóò jó. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá yí padà lára aṣọ, inú ẹ̀rọ ni kí o kọ́kọ́ wò, bóyá fíìmù ṣì ń yí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀gá mi, fíìmù kò jó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ó máa ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé ohun ìyangàn rẹ̀ ni.

Nígbà tí ìjọba ológun ń kógbá sílé, iṣẹ́ wa náà ti ń kógbá sílé. Fídíò ti wọ yàrá àlejò àwọn ènìyàn. Ọmọ tó wà ní Èkó a gbé tẹlifíṣọ̀n wálé fún ìyá rẹ̀, ìdajì àdúgbò a sì kó síbẹ̀. Àwa méjì péré ni ó kù tí a ń ṣe sinimá alágbèéká ní agbègbè wa, àwa àti ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi kan ní Ìdó. Èèyàn kúkúrú ni, aláwàdà. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má wá wo tiwa.

Fíìmù tí à ń rí gbà ní Ìbàdàn kò dára mọ́. Èyí tí kò bá pọ́n bí epo, ìlà á gba ojú rẹ̀ kọjá bí òjò, wọn á sì ti gé e, wọn á ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ léraléra débi pé ẹni tó ń jẹun nínú àwòrán á kàn bá ara rẹ̀ lójú ìjà. Ọ̀gá mi a máa ráhùn ṣáá. "Fíìmù yìí ti ṣá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan nínú ọyẹ́." Èmi a ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Àjíǹde ọdún kan ń bọ̀, ọ̀gá mi gba fíìmù Ṣáínà kan wálé láti Ìbàdàn. Ẹni tó gbé e fún un ní tuntun ni, pé ọwọ́ kò tíì kàn án púpọ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde ni a fẹ́ fi hàn, lọ́sàn-án, ní gbọ̀ngàn ìjọ ní Ìkọ̀lé, kí àwọn ọmọ tó ti Èkó àti Ìbàdàn wá tó padà. Ní Sátidé, a ta tapólì bo gbogbo fèrèsé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ìdó wá, àwa mẹ́ta sì jókòó láti yẹ róòlù fíìmù àkọ́kọ́ wò.

Olùkọ́ àgbà kan ló kọ́kọ́ jáde, irùngbọ̀n funfun balẹ̀ dé àyà rẹ̀. Ó dijú, ó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ewúrẹ́ kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irùngbọ̀n náà. Olùkọ́ kò mọ̀. Ewúrẹ́ fà á, irùngbọ̀n já bọ́, ewúrẹ́ gbé e lọ, bàbá yẹn dìde, ó ń lé e kiri, ó ń fò láti òrùlé dé òrùlé, ewúrẹ́ náà sì ń fò níwájú rẹ̀. Ará Ìdó bú sẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

"Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fò lójú wa," ó ní. "Wọ́n wá jẹ́wọ́ wàyí pé irọ́ ni."

Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí róòlù náà tán, ó ní, "Ta ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Àwa tí a ń gbé wọn kiri láti ọjọ́ yìí wá ni. Fíìmù yẹn gan-an ti bàjẹ́. Kùrukùru bò ó. Ojú ẹnì kan kò hàn níbẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ará Ìdó. Ó wo ọ̀gá mi, ó wo èmi náà. "Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti rí fíìmù tó mọ́ tó báyìí. Mo rí irun ara ewúrẹ́ yẹn."

"O fẹ́ràn àwàdà jù," ni ọ̀gá mi wí, ó sì ń ká róòlù rẹ̀.

Èmi náà rí irun ara ewúrẹ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, a wà ní ìsìn Àjíǹde, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí nínú ìwàásù. Mo ń wo bí ọ̀gá mi ṣe gbé ìwé orin súnmọ́ imú. Mo rántí pé ó ti pẹ́ tí ó ti ní kí n máa wa ọkọ̀, pé ẹ̀yìn ń dun òun. Mo rántí bí ó ṣe máa ń yí gíláàsì ojú ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn títí àwọn èrò á fi máa pariwo pé kí ó jẹ́ kí àwòrán mọ́. Fíìmù ni gbogbo wa ń dá lẹ́bi.

Ní ọjọ́ Ajé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá mi dìde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. "Ẹ̀fẹ̀ ni èyí o," ó ní. "Ẹ má fi ṣe ẹ̀kọ́." A tan iná ẹ̀rọ. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín irùngbọ̀n, wọ́n rẹ́rìn-ín ìjà, àgbà kan níwájú ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Orí róòlù kẹta ni a wà, èyí tí a kò yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ìjà ń lọ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì dìde sókè, wọ́n sì dúró gbagidi lójú òfuurufú. Àmì pupa rúsúrúsú kan yọ láàrin àwòrán, ó ń tóbi, ó ń jẹ àwòrán lọ bí iná ṣe ń jẹ ewé. Ẹnì kan kígbe pé, "Ó ti jóná!" Mo bojú wo inú ẹ̀rọ. Fíìmù ń yí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Inú àwòrán ni iná yẹn wà, àwọn tó ṣe é ló fi í síbẹ̀ láti fi pa wá lẹ́rìn-ín. Mo ya ẹnu kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá mi ti yá jù mí lọ. Ó ti pa iná, ó ti dá ẹ̀rọ dúró.

Wọ́n ká tapólì fèrèsé kan sókè, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ọ̀gá mi ṣí ẹ̀rọ, ó fa fíìmù jáde, ó ń fi ìka wá ibi tó jó. Ó fi ìka tọ ọ́ lọ, ó tún tọ ọ́ padà. Kò sí ibi tó jó. Géńdé kan tó ti Èkó wá sọ láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, inú fíìmù ló wà, wọ́n ń ṣeré ni." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Wọn kò fi ṣe ibi, ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú ọ̀gá mi.

Ó bi mí léèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ṣé ó ń yí?"

"Ó ń yí, ọ̀gá."

"O rí i?"

"Mo rí i."

Ó di fíìmù náà mú fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó máa fi ṣe. "Èmi kò rí i," ó ní. "Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Máa bá uṣẹ́ lọ."

Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi. Mo ti fíìmù bọ ẹ̀rọ, mo tan iná. Iná àwòrán yẹn jẹ gbogbo aṣọ tán, ó wá ku funfun. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníjà méjèèjì gbé ìgbálẹ̀ jáde láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń gbá eérú. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá mi lẹ́yìn mi: "Kí ni wọ́n ń ṣe?"

Mo sọ fún un. Mo gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo sì ń sọ ohun gbogbo bí ó ṣe ń kọjá, ìgbálẹ̀, eérú, bí ọ̀kan ṣe sín tí ó sì fẹ́ gbogbo eérú sí èkejì lójú. Ọ̀gá mi gbọ́ ìyẹn, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ kí n rí ojú náà títí fíìmù fi parí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ará Ìdó àti èmi mú un lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Dókítà obìnrin kan yẹ ojú rẹ̀ wò títí. Ọ̀gá mi bi í pé ṣé yóò padà bọ̀ sípò. Obìnrin náà fi ọwọ́ kàn án léjìká. "Èyí tó ti lọ ti lọ, Bàbá. Èyí tó kù ni a fẹ́ dì mú." Nígbà tí a jáde, ará Ìdó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Láti Sátidé ni mo ti mọ̀," ó ní. "N kò kàn mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni."

A ń kán oògùn sí i lójú, ó sì tún bá mi jáde fún ọdún bíi mélòó kan. Èmi ni mò ń yí ẹ̀rọ. Òun ló ṣì ń dìde síwájú èrò láti sọ ìtàn, lẹ́yìn tí mo bá ti rò ó fún un nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ń dín. Ibi tí a ti ṣe é kẹ́yìn ni Ìpáò. Ìyá àgbà díẹ̀ ló jókòó, wọ́n ń tòògbé, ilé tó kọjú sí wa sì kún fún àwọn tó ń wo fídíò. Ọ̀gá mi tẹ́tí sílẹ̀ sí ariwo wọn fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ká palẹ̀ mọ́, ká re ulé." A palẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìwọ̀nba ìríran tó kù fún un náà lọ. Ó gbé ọdún díẹ̀ sí i láyé, wọ́n sì sin ín sí Ìkọ̀lé. Ará Ìdó kò gbé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀.

N kò ní parọ́ fún yín pé ayé ìgbà yẹn dára ju tòní lọ. Bẹ́ǹṣì le, ooru ń mú, fíìmù sì ń já. Ẹ̀yin ń wo ohun tó wù yín lórí fóònù, ẹ ń dá a wò, ẹ ń dá a rín. Nígbà mìíràn ẹ máa ń gbé e wá kí èmi náà wò ó, ẹ ṣeun. Mo máa ń wò ó. Àwòrán ti mọ́ gaara báyìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn tí à bá jọ wò ó ni kò sí mọ́.