Ẹni Tí Ọmọ Náà Ń Tẹrí Ba Fún

Ní Midrand, ìlú òkèèrè tí mo ń gbé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní júdò nínú gbọ̀ngàn àdúgbò wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba fún ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bàbá ọmọbìnrin kan, dókítà, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, wọ bàtà gun orí ẹní tí a ti ń ṣe júdò.

Ó ní, "Ta ni ọmọ mi ń tẹrí ba fún? Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún nílé mi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n di ọrùn ẹ̀wù yín mú."

Ó gbà tìbínú-tìbínú. Mo gbá a lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mo dì í mú kó má baà ṣubú. Ojú rẹ̀ yí padà, ó rọ̀ mọ́ apá mi.

"Ọwọ́ mi lẹ wà báyìí, sà. Ìtẹríba yẹn ni ìlérí pé mi ò ní ṣe yín léṣe. Ẹnì kejì rẹ̀ lọmọ yín ń ṣèlérí fún."

Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú un padà wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹrí ba, ó jáde lọ dúró sídìí mọ́tò rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe é tán.