Síìpù Tó Wà Lẹ́yìn Torunn

Ẹni tó bá ní ọkọ Torunn kì í ṣe èèyàn gidi, irọ́ ló pa. Arvid kì í na ìyàwó, kì í mutí yó, kò sì sí àárọ̀ tí kì í po kọfí sílẹ̀ de obìnrin náà kó tó lọ sídìí iṣẹ́ ẹja. Ìfẹ́ ẹ̀ gan-an ló ń fún ìyàwó ẹ̀ lọ́rùn. Òkun tó yí Frøya, erékùṣù wọn ní Norway, ká ló gbé àbúrò Arvid lọ, ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Torunn ńkọ́? Abẹ́ omi nìkan lara ẹ̀ ti ń balẹ̀. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn lọ ṣa ẹran oníkarawun nísàlẹ̀ òkun. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pè é. Aṣọ rọ́bà tí bàbá ẹ̀ fi ń mòòkùn ló ń wọ̀ títí tó fi jò, omi tútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di igi. Ló bá di pé kó ra tiẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan nílùú Trondheim, níbi tóun àti Arvid jọ lọ, ọlọ́jà kó aṣọ méjì sílẹ̀. Ọ̀kan ní síìpù láyà, ẹni tó wọ̀ ọ́ á fà á fúnra ẹ̀. Ti èkejì wà lẹ́yìn èjìká, àfi kí ẹlòmíì báni fà á.

"Èyí tó ṣí níwájú ni mo fẹ́," ni Torunn wí.

Arvid bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Tẹ̀yìn ló yi jù. Àbí o ò lọ́kọ ni? Èmi ni màá máa fà á fún ẹ."

"Bó ò bá sí nílé ńkọ́?"

"Kó o dúró dè mí. Ṣé òkun ń sá lọ ni?"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Torunn náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló wá dùn ún jù nígbà tó yá. Tẹ̀yìn ni wọ́n rà.

Háà! Látọjọ́ náà, bí kò bá jẹ́ atẹ́gùn ló le, á jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dun Arvid. "Ó dọ̀la." Ọ̀la ò sì dé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òkun dákẹ́, tí Arvid wà lójú iṣẹ́, Torunn wọ aṣọ náà, ẹ̀yìn là sílẹ̀, ó gba ilé Magnhild lọ, ìyá àgbà tó múlé tì wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fà á."

Magnhild ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Má bínú o. Arvid ti bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun ò bá sí níbẹ̀, ká má fà á fún ẹ."

"Gbogbo yín?"

"Ẹ̀rù ló ń bà á, ọmọ mi."

Ojú ti Torunn, inú bí i. Gbogbo erékùṣù ti mọ̀, òun nìkan ni ò mọ̀! Ó bá ará Jámánì kan létí omi, tó wá fi ẹja pípa gbafẹ́, tó ń di ẹrù sí mọ́tò. Ìyẹn ò bi í ní nǹkan kan, ó fa síìpù. Torunn wọ omi, ó ṣa oníkarawun kún àpò, ọkàn ẹ̀ fúyẹ́.

Ìgbà tó jáde, ará Jámánì ti lọ. Ọwọ́ ẹ̀ ò tó ẹ̀yìn. Kàkà kó padà lọ bẹ Magnhild, ilé ló gbà lọ. Ó jókòó sí kíṣìnnì, òógùn ń dà á, rọ́bà ọrùn aṣọ há a lọ́fun, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n títí Arvid fi wọlé.

"Jọ̀ọ́, ṣí mi."

Arvid bọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Ó di síìpù mú, kò fà á.

"Kọ́kọ́ ṣèlérí pé o ò ní lọ mọ́."

"Arvid, mo fẹ́ tọ̀!"

"Ṣáà sọ ọ́, Torunn."

Ẹkún wà lóhùn ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe Torunn débi pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè ẹ̀. Àmọ́ ó gbé e mì, ó dìde, ó mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja, ó tì í bọ abẹ́ rọ́bà ọrùn.

"Torunn! Ṣé orí ẹ pé?"

Ó ya aṣọ náà látọrùn dé ikùn, ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó sáré lọ tọ̀.

Nígbà tó padà dé, Arvid ti gbé aṣọ náà lé itan, ó ń mú etí ibi tó ya kanra wọn.

"A lè lẹ̀ ẹ́," ló wí.

"Má lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ ra èyí tó ṣí níwájú ní Trondheim. Èmi nìkan."